Kí Ọjọ́ Òdo Tó Dé: Ohun Tí Ọmọ Ń Là Kọjá Nílé Ìwòsàn Kí Wọ́n Tó Pààrọ̀ Mùdùnmúdùn Eegun Rẹ̀

Ní ọdún 2011, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Benin, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí UBTH, Dókítà Godwin Bazuaye àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 7 kan tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ń bá fínra. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún 14, ló fún un ní mùdùnmúdùn. A kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Nàìjíríà ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ tó gbọ́ ìròyìn náà rò pé iṣẹ́ abẹ ńlá ni, pé wọ́n la eegun ọmọ, wọ́n gbọ́n tàtijọ́ dànù, wọ́n sì rọ tuntun sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹnikẹ́ni kì í fi ọ̀bẹ kan eegun ọmọ tó ń gba mùdùnmúdùn. Àpò kan ni wọ́n ń gbé kọ́ sórí irin, ohun tó wà nínú rẹ̀ pupa bí ẹ̀jẹ̀, á sì máa kán wọ ara ọmọ nínú rọ́bà fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tó bá ṣèèṣì yọjú wọlé lásìkò yẹn á rò pé ẹ̀jẹ̀ lásán ni wọ́n ń fà sí ọmọ lára.

Àwọn ọjọ́ tó ṣáájú àpò yẹn ni iṣẹ́ wà. Nínú wọn ni ọmọ ti ń jìyà, nínú wọn ni òbí ti ń ná owó tí kò ní, nínú wọn náà ni a ti ń mọ̀ bóyá orílẹ̀-èdè kan ti ṣe tán láti wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn. Nítorí náà, àwọn ọjọ́ yẹn ni màá sọ̀rọ̀ lé lórí, màá sì fi ìdílé kan ní Ìwòrò ṣe òdiwọ̀n. Ìwòrò wà létí ọ̀sà ní agbègbè Àgbádárìgì, nítòsí Ajídò, níbi tí igi àgbọn pọ̀ sí, tí àwọn Ògù àti Àwórì ti jọ ń gbé láti ayébáyé. Ìdí tí mo fi mú un kò ju èyí lọ: bíi ọmọ 150,000 là ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà pẹ̀lú àrùn yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni bí ẹnì kan nínú ẹni mẹ́rin ló jẹ́ AS, ìyẹn ẹni tó gbé àmì àrùn náà dání láìsí pé ó ń ṣe é. Kò sí ìlú tó ṣẹ́kù sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àwọn baba ńlá wa pè ní àbíkú, tí wọ́n fi abẹ kọ lára kí wọ́n má bàa padà wá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àrùn yìí ló pa wọ́n.

Nínú eegun wa, pàápàá eegun ìbàdí àti eegun àyà, ohun rírọ̀ kan wà tó dà bí kànìnkànìn, òun ni mùdùnmúdùn. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó bá jáde níbẹ̀ lára ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń lò bí 120 ọjọ́ kó tó kú. Lára ẹni tó jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí àrùn náà ń ṣe, ó lè má ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì náà máa ń ká kọ́lọkọ̀lọ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tán nínú rẹ̀, á le, á sì há sínú iṣan tóóró. Níbi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá há nínú ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ kò ní lè mí dáadáa. Bó bá há nínú ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni, ó sì ń mú ọmọ ọdún mẹ́rin, márùn-ún. Oògùn wà tó ń dín gbogbo èyí kù. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ilé iṣẹ́ inú eegun bá ṣì ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tó ń ká, àrùn náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ó ṣeé ṣe, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èèṣì. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 8 kan tó jẹ́ SS ló tún ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ mùdùnmúdùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn St. Jude ní Memphis, ní Amẹ́ríkà. Jẹjẹrẹ ni wọ́n ń lé. Nígbà tí ó lọ, fòníkú-fọ̀ladìde náà bá a lọ. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ náà ti gbòòrò. Nígbà tí Eliane Gluckman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún kan aláìsàn jọ ní ọdún 2017, gbogbo wọn ló gba mùdùnmúdùn ọmọ-ìyá wọn tó bá wọn mu, wọ́n rí i pé lẹ́yìn ọdún 5, bí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè, bí ìdá 91 ló sì wà láàyè láìsí pé àrùn náà padà. Àwọn tó kéré lọ́jọ́ orí ló ṣe dáadáa jù.

Ẹ má ṣe ka ìdá 93 yẹn tán kí ẹ gbàgbé ìdá 7. Nítorí àwọn wọ̀nyẹn ni dókítà olóòótọ́ kò fi ní sọ fún gbogbo òbí ọmọ SS pé kí wọ́n wá pààrọ̀ mùdùnmúdùn. Ọmọ tó ń lo oògùn rẹ̀, tí kíráísísì, ìyẹn ìrora líle àrùn náà, kì í mú un lemọ́lemọ́, lè gbé ayé rẹ̀ láìdé yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ mùdùnmúdùn. Ọmọ tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí, tàbí tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ń bọ̀ lọ́nà, tàbí tí àyà rẹ̀ ń dí léraléra, ni ọ̀rọ̀ kàn gan-an. Àyẹ̀wò tí mò ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní TCD. Wọ́n á gbé irinṣẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ, kò ní dùn ún, irinṣẹ́ náà á sì wọn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ. Bó bá ti tó 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu ti dé. Sickle Cell Foundation Nigeria, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú dá sílẹ̀ ní 1994, tí ibùdó rẹ̀ wà ní Ìdí-Àràbà, ní Èkó, lọ́kànkán LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Ọmọ ọdún 2 sí 16 tó jẹ́ SS yẹ kó máa ṣe é lọ́dọọdún. Ó bà mí nínú jẹ́ pé púpọ̀ nínú àwọn òbí ọmọ SS létí ọ̀sà wa ò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ká ní ọ̀ràn ti dé bẹ́ẹ̀, pé pípààrọ̀ ló kù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ti ẹni tí yóò fún ọmọ. Kì í ṣe jẹ́nótàìpù, ìyẹn AA, AS tàbí SS, nìkan ni wọ́n ń wò, kì í sì í ṣe O tàbí A inú ẹ̀jẹ̀. Àmì kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní HLA, òun ni ara fi ń mọ ti ara rẹ̀ yàtọ̀ sí àlejò. Ìdajì rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí a jọ bá bàbá àti ìyá kan náà tan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti bá aláìsàn mu délẹ̀délẹ̀. Ọmọ bàbá kan náà tí ìyá wọn yàtọ̀ kì í sábà bára mu tán, bó ti wù kí wọ́n jọra tó lójú. Bí òbí méjèèjì bá jẹ́ AS, a tún gbọ́dọ̀ yọ ọmọ-ìyá tó lè jẹ́ SS fúnra rẹ̀ kúrò, ohun tó kù fún ọmọ-ìyá kọ̀ọ̀kan ò wá ju nǹkan bíi 3 nínú 16 lọ. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ AS lè fúnni o. Mo tẹnu mọ́ èyí, torí ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti fọwọ́ ara wọn yọ ọmọ tó yẹ kí wọ́n mú wá, wọ́n ní òun náà kò pé.

Ohun mìíràn tún wà tó lòdì sí ìwà ọmọlúàbí tí a bí mọ́ wa. Bí ọmọ bá nílò ẹ̀jẹ̀, àwọn ará ilé ló ń kọ́kọ́ na ọwọ́. Bàbá á ní kí wọ́n fa tòun, ẹ̀gbọ́n á ní tòun ló kù. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ṣeé ṣe kí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ̀jẹ̀ ẹbí kò dára. Ara ọmọ á ti fojú sí àmì ara wọn, á ti kọ́ bó ṣe lè bá a jà, lọ́jọ́ tí mùdùnmúdùn ẹ̀gbọ́n náà bá wá dé, ó lè lé e jáde. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò bá wa tan ló yẹ kó gbà. Kí àwọn ẹbí fún bánkì ẹ̀jẹ̀ ní tiwọn, kí bánkì fún ọmọ ní ti ẹlòmíràn. Ní ilẹ̀ wa níbi tí ó ti jẹ́ pé ará ilé ni ọ̀pọ̀ ọsibítù ń sọ pé kó wá fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣàlàyé èyí fún àwọn òbí láti ìgbà tí ọmọ ti wà ní kékeré.

Bí kò bá sí ọmọ-ìyá tó báramu ńkọ́? Ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ní àkójọ orúkọ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Èyí tó kọ́kọ́ wà lágbàáyé bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1974, nígbà tí Shirley Nolan ń wá mùdùnmúdùn fún ọmọ rẹ̀, Anthony. Ọmọ náà kú ní 1979 láìrí ẹnì kankan, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni àkójọ náà ń jẹ́ títí dòní. Fún ènìyàn dúdú, àkójọ wọ̀nyẹn kò kún tó. Ní Amẹ́ríkà, aláìsàn aláwọ̀ funfun ní àǹfààní bí ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún láti rí ẹni tó bá a mu nínú wọn. Aláwọ̀ dúdú ní bí ìdá 29. Ara wa, àwa ọmọ Áfíríkà, ní oríṣiríṣi àmì HLA ju ti ẹ̀yà mìíràn lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwa tó forúkọ sílẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló bá Ṣeun Adébíyìí, agbẹjọ́rò ọmọ Nàìjíríà tó jáde ní Yale ní 2009, tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ sì kọlù ní ọdún kan náà. Kò rí ẹnì kankan nínú àkójọ. Ó wá sílé wá bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n yẹ àwọn wò. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ ọmọ tuntun kan ló gbà á là. Kò gbàgbé ilé. Ní 2012, ìsapá rẹ̀ ló bí àkójọ orúkọ àwọn tó ń fúnni ní mùdùnmúdùn ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn UNTH, Ẹ̀núgù.

Ọ̀nà kejì ni pé kí bàbá tàbí ìyá fúnra wọn fúnni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì péré ni wọ́n fi bá ọmọ mu. Tẹ́lẹ̀, ewu ńlá ni. Lónìí, oògùn kan tí wọ́n ń fúnni lẹ́yìn pípààrọ̀ ti dín ewu náà kù púpọ̀. Adétọ́lá Kassim àti Michael DeBaun ti Yunifásítì Vanderbilt wà lára àwọn tó ṣáájú ìwádìí náà. Nínú àgbàlagbà 42 tí wọ́n ròyìn wọn ní ọdún 2025, ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún ló wà láàyè lẹ́yìn ọdún méjì.

A ti rí ẹni tí yóò fúnni. A kò tíì gba bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á yẹ ọkàn wò, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, pàápàá jù lọ ẹ̀dọ̀ ọmọ tó ti gba ẹ̀jẹ̀ léraléra, nítorí irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó gbà á ti kó jọ síbẹ̀. Wọ́n á ya àwòrán ọpọlọ. Wọ́n á wo eyín. Eyín kíkẹ̀ tí ọmọ ti ń fi jẹun láti ọdún méjì lè pa á nígbà tí kò bá ní sẹ́ẹ̀lì funfun, ìyẹn ọmọ ogun ara, kankan mọ́, nítorí náà wọ́n á yọ ọ́ ṣáájú. Wọ́n á yẹ òun àti ẹni tó fẹ́ fún un wò fún ibà, nítorí kòkòrò ibà lè gba inú mùdùnmúdùn wọlé. Ní agbègbè tí ọ̀sà àti àbàtà yí ká, níbi tí ẹ̀fọn kì í ti í sinmi, èyí kì í ṣe àyẹ̀wò tí a ń fojú di.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn á gba ọmọ wọlé. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi oògùn kùn ún lóorun, wọ́n á sì ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sínú iṣan ńlá tó wà nítòsí ọkàn, ẹnu rẹ̀ á yọ síta láyà. Inú rọ́bà yìí ni gbogbo nǹkan yóò máa gbà fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan: oògùn, omi, ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ bó bá di pé ọmọ kò lè gbé e mì, àti mùdùnmúdùn náà. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yẹ̀ wò, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fà á. Fún ọmọ tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún ní gbogbo ọwọ́ láti ìgbà tó ti mọ ènìyàn, ìtura ló jẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ máa ń fi bèbí kan tí wọ́n ti so irú rọ́bà náà mọ́ láyà han ọmọ ṣáájú, kó fọwọ́ kàn án, kó béèrè ohun tó bá fẹ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a pa irọ́ fún pé “kò ní dùn ọ́” kò ní gbà wá gbọ́ mọ́ ní ọjọ́ kẹta.

Yàrá náà, òun nìkan ló wà níbẹ̀, àti ìyá tàbí bàbá kan. Fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Ẹ̀rọ kan ń sẹ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọlé, ó sì ń tì í gba ẹnu ọ̀nà jáde kí ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ má bàa wọlé. Ọjọ́ tí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè jí, ààbò yẹn ti lọ. Wọ́n ń fi ọṣẹ apakòkòrò wẹ ọmọ lójoojúmọ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ojoojúmọ́. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ọwọ́ fọ̀,” nọ́ọ̀sì á ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ tán.

Wọ́n ń ka ọjọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ tí mùdùnmúdùn yóò wọlé ni ọjọ́ òdo. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni ó-ku-ọ̀kan, títí dé ó-ku-mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín wọn ni oògùn líle ń wọlé. Iṣẹ́ méjì ni oògùn náà wá ṣe: kó pa mùdùnmúdùn àtijọ́, kó sì pa ọmọ ogun ara lẹ́nu mọ́ kó má lé tuntun dànù. Bí ayálégbé àtijọ́ kò bá tíì kó jáde, tuntun kò ríbi kẹ́rù sí, kódà bó ti san owó.

Busulfan ni ọ̀pọ̀ ibùdó ń lò, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n sábà ń fi fún ọmọ. Ó lè fa gìrì, nítorí náà oògùn gìrì á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Cyclophosphamide tẹ̀ lé e ní ibòmíràn. Ìyẹn ń bó àpò ìtọ̀ nínú, ẹ̀jẹ̀ lè máa bá ìtọ̀ jáde, nítorí náà wọ́n á máa rọ omi sí ọmọ lára tọ̀sán tòru, á sì máa tọ̀ tọ̀sán tòru. Gbogbo ìtọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n. Ìyá tó ti rò pé òun yóò rí oorun díẹ̀ sùn á máa jí ọmọ ní aago kan òru, aago mẹ́ta, aago márùn-ún, kó wá tọ̀. Oògùn kẹta tún wà, ATG, tí wọ́n ń rí láti ara ehoro. Ó máa ń gbé ibà àti òtútù wá, ọmọ á gbọ̀n jìnnìjìnnì, àwọn òbí á rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ní ibùdó tí wọ́n bá ti ń lo thiotepa, òógùn ara ló ń gbé e jáde, á sì máa jó awọ ara bí wọn kò bá wẹ ọmọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mẹ́rin lóòjọ́.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti fa ẹ̀jẹ̀ tuntun sí ọmọ SS, kí èyí tó ń ká nínú ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ sí bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí kíráísísì kò gbọ́dọ̀ mú un nínú ìpalẹ̀mọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà, kì í ṣe bí wọ́n ṣe gbà á ni wọ́n ń fà á. Wọ́n ń sẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun kúrò nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìtànṣán pa èyí tó kù, torí bí sẹ́ẹ̀lì funfun àlejò bá ráyè wọ ara tí kò ní ọmọ ogun, ara ọmọ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Platelet, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, tún ṣòro jù. Fún ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde, wọn kì í jẹ́ kó lọ sílẹ̀ tó ti aláìsàn mìíràn, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ya nínú ọpọlọ. Kò sì ṣeé tọ́jú pẹ́: nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 ló ń lò, kì í sì í ṣe nínú fìríìjì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ fún ni ní ọ̀sẹ̀ yìí, òmíràn ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, láìdáwọ́ dúró.

Bíi ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí oògùn bẹ̀rẹ̀, ẹnu ọmọ á bó. Láti ètè títí dé ọ̀fun ni yóò máa ta á, itọ́ pàápàá á ṣòro gbé mì. Ó lè gba pé kí wọ́n fún un ní mọ́fíìnì. Irun á re. Ẹ̀rọ̀ kan tí mo rí nínú gbogbo èyí ni pé ọmọdé kì í sábà ka irun sí bí àgbà ṣe ń kà á. Oúnjẹ ló ń dùn wọ́n. Ọmọ Ìwòrò tí ẹja yíyan àti ọbẹ̀ àgbọn ti mọ́ lára kò ní jẹ ohun tí wọ́n rà lọ́nà. Ohun tí ìyá bá sè lè wọlé bó bá jẹ́ pé ó jinná dáadáa, ó ṣì gbóná, ọmọ sì jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ti àná, rárá. Èso tí kò ṣeé bó, rárá. Níbo wá ni ìyá tó ti Ìwòrò wá, tó ń sùn sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ìdí-Àràbà, yóò ti dáná?

Àwọn àlejò ńkọ́? Ní tiwa, aláìsàn tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ wò ti di ẹni ìkọ̀sílẹ̀. Níbi yìí, ìfẹ́ ni kí èèyàn dúró sílé. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun pọ̀ létí òkun wa, Pọ́tónóofò tí kò jìnnà sí wa ni ìjọ Sẹ̀lẹ́ṣíà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1947, mo sì mọ bí ó ṣe máa ń wu wọ́n láti gbé omi ìyàsímímọ́, àbẹ́là àti tùràrí dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Omi tí a kò sè, èéfín àti lọ́fínńdà kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn. Àdúrà kò nílò ìgbàláyè, wọ́n lè gbà á lórí fóònù, kí ìyá gbé e sí ọmọ létí.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ òbí kì í gbọ́ títí oògùn á fi wọlé tán: busulfan lè gba agbára ọmọ bíbí lọ́wọ́ ọmọ náà títí ayé. Ó yẹ kí dókítà sọ ọ́ ṣáájú, ó sì yẹ kí òbí béèrè. Ọmọkùnrin tó ti bàlágà lè fi àtọ̀ pamọ́ sínú yìnyín. Fún ọmọbìnrin, wọ́n lè yọ díẹ̀ nínú àpò ẹyin rẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní oògùn. Ní Brussels, wọ́n ṣe èyí fún ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní Kóńgò, tó jẹ́ SS, tí kò tíì tó ọmọ ọdún 14, kó tó gba mùdùnmúdùn arákùnrin rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n dá ohun tí wọ́n fi pamọ́ náà padà sí i lára. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, ó bí ọmọkùnrin.

Ẹ má sì gbàgbé ọmọ kejì nínú ìtàn yìí. Ní ọjọ́ òdo, ẹ̀gbọ́n tó ń fúnni ló ń wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á kùn ún lóorun, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gígùn fa mùdùnmúdùn láti ẹ̀yìn eegun ìbàdí rẹ̀. Ìbàdí á dùn ún fún ọjọ́ mélòó kan, mùdùnmúdùn tí wọ́n fà á sì tún kún láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọmọdé ni òun náà, ó yẹ kí ẹnì kan tí kì í ṣe òbí rẹ̀ jókòó tì í láti béèrè bóyá lóòótọ́ ni ó fẹ́, kí ó sì sọ fún un pé bí kò bá já sí rere, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá lówó ló ń gbé ọmọ lọ sí Íńdíà tàbí Ítálì. Ní Róòmù nìkan, àwọn dókítà ti kọ ìròyìn lórí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ti ṣe é fún níbẹ̀. Ní ọdún 2025, Sickle Cell Foundation àti LUTH kéde pé aláìsàn méjì ti gba mùdùnmúdùn tuntun lọ́dọ̀ wọn ní Ìdí-Àràbà, ó sì yọrí sí rere, àwọn ará Vanderbilt ló sì kún wọn lọ́wọ́. Inú mi dùn sí i púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà. Láti Ìwòrò, ìdílé á jáde sí títì Èkó sí Àgbádárìgì, títì tí wọ́n ti ń tún ṣe láti ọdún gbọ́ọrọ, wọ́n á gba Agbára àti Òkokomáíkò dé Mile 2, kí wọ́n tó máa wá Ìdí-Àràbà. Lẹ́yìn tí ọmọ bá jáde ní wọ́ọ̀dù, bí 100 ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń ṣọ́ jù lọ, á máa padà wá fún àyẹ̀wò lemọ́lemọ́, bí ibà bá sì mú un lóru, láàárín wákàtí kan ló yẹ kí oògùn wọ ara rẹ̀. Kò sí bó ṣe lè ti Ìwòrò wá. Ilé kékeré kan nítòsí ilé ìwòsàn, níbi tí ìyá ti lè dáná kí ó sì sùn, ṣe pàtàkì fún ìwòsàn yìí bí oògùn ṣe ṣe pàtàkì, owó rẹ̀ sì kéré sí ti ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú wọ́ọ̀dù náà.

Àwọn kan ń sọ pé kí a dúró de ìwòsàn tuntun tó ń tún jíìnì ṣe. Ó ti dé lóòótọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Bìrìtìkó fọwọ́ sí Casgevy fún ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 12, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá, ní iye mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Kò nílò ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, sẹ́ẹ̀lì ọmọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fà jáde, tí wọ́n ń tún ṣe, tí wọ́n sì ń dá padà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dá a padà, busulfan kan náà ni ọmọ yóò gbà, fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ á bó, irun rẹ̀ á re, á nílò platelet ọ̀sẹ̀ yìí àti ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀ dé ibi tí apá wa ká, yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí yìí náà ni wọn yóò gbé ọmọ lọ, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ní Benin àti Ìdí-Àràbà lónìí ni yóò sì tọ́jú rẹ̀.